Ọkọ ń lu obìnrin ará Honduras tá a jọ ń ṣiṣẹ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ran àwọn Látínò lọ́wọ́ nírú ọ̀rọ̀ yìí?

Ìyá Tóbi Houston:

Ẹ kú ilé o, ẹ kú wàhálà ayé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó tá à ń fi ránṣẹ́ sílé àti aṣọ ẹbí la sábà máa ń sọ níbí, àmọ́ ẹ gbà mí láyè lónìí, ọ̀rọ̀ kan ò jẹ́ kí n sùn, mi ò sì fẹ́ dá sí i lọ́nà tó máa tún wá bà á jẹ́ sí i.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Houston, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Obìnrin kan wà ní lọ́ńdírì wa, ọmọ Honduras ni, La Ceiba létí òkun ni wọ́n bí i sí. Garífuna ni wọ́n, àwọn yẹn dúdú bíi tiwa, wọ́n sì ní èdè tiwọn lọ́tọ̀ yàtọ̀ sí Sípáníìṣì, ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i Yorùbá ni mo fi kí i 😂 ó kàn ń wò mí lójú ni. Sípáníìṣì díẹ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn arúgbó ibẹ̀ àti Òyìnbó díẹ̀ tóun náà gbọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, bá a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ọkùnrin tó ń bá gbé ń lù ú. Kì í ṣòní kì í ṣàná. Ọmọ méjì ló ti bí fún un, wọn ò ṣègbéyàwó kankan o, wọ́n kàn jọ ń gbé bíi tọkọtaya, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yẹn ní green card, òun ní tiẹ̀ ìwé àtiṣiṣẹ́ ló ní, ẹjọ́ ẹ̀ ṣì wà níwájú adájọ́ ìmígíréṣọ̀n. Ohun tí ọkọ máa ń sọ fún un ni pé "pe ọlọ́pàá kí n rí i, kó o tó gbé fóònù sílẹ̀ ni màá ti pe ICE", ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n tó ń mú àwọn tí ìwé wọn ò pé. Owó tó ń gbà níbi iṣẹ́ náà, káàdì bánkì wà lọ́wọ́ ọkọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a jọ lọ sí búréèkì, ó ṣí kúlà oúnjẹ ẹ̀, ó gbé abọ́ ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà tó fi àgbọn sè sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wá fa ẹ́ńfílóòpù kan tó fi ọ̀rá dì yọ nísàlẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ, ìwé ọjọ́ ìbí wọn, àti àwòrán ojú ara ẹ̀ lọ́jọ́ kan tó wú tí ojú òsì ò lè là. Ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun kó o sí lọ́kà mi. Mo kó o síbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi iṣẹ́ ti gbọ́ sí i o, torí ọjọ́ kan wà tó wá tí ètè ẹ̀ bẹ́. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì pè é, ó fún un ní ìwé pélébé kan ní Sípáníìṣì, àwòrán obìnrin funfun onírun gígùn ló wà níwájú ẹ̀, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò ju pé kó fi ọkùnrin náà sílẹ̀ kó gba ṣẹ́tà lọ, ilé ààbò tí wọ́n ń kó àwọn obìnrin tí wọ́n ń lù sí. Ó kà á, ó ká a, ó sọ ọ́ sí báàgì ìdọ̀tí. Ó ní ta ló máa mú àwọn ọmọ nílé ìwé. Ó ní ilẹ̀ bàbá ọkùnrin yẹn ni ilé tóun ń fowó ránṣẹ́ kọ́ fún ìyá òun ní La Ceiba wà. Àbúrò ọkùnrin yẹn obìnrin ló gbé ọmọ àkọ́kọ́ wọn fún ìrìbọmi, ìyẹn ni comadre ẹ̀, òun náà ni wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n tì í mọ́lé, òun ò fẹ́ kí wọ́n dá a padà sí Honduras, òun kàn fẹ́ kó yéé lu òun ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣé àwọn kan wà tó máa ń ran àwọn Látínò lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe rí gan-an, kì í ṣe ìwé pélébé? Tó bá pe ọlọ́pàá ṣé kò ní kó bá ìwé ẹ̀? Ṣé kí n ṣì máa tọ́jú ẹ́ńfílóòpù yẹn?


Fọlákẹ́ Bronx:

Ẹ kú ìdúró tì í, Mummy Tóbi. Sóṣà wọ́kà ni mí níbí, ọmọ Dominican Republic, ọmọ Mẹ́síkò àti ọmọ Honduras ló pọ̀ jù lára àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa, àwọn Garífuna gan-an kún Bronx fọ́fọ́, torí náà mo mọ irú ẹni tẹ́ ẹ̀ ń sọ dáadáa.

Ẹ máa tọ́jú ẹ́ńfílóòpù yẹn. Ẹ jẹ́ kó fi fóònù ya gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí ímeèlì tuntun tí ọkọ ò mọ̀, kó má ṣe é lórí fóònù tí ọkọ máa ń tú wò. Àwòrán ojú tó wú yẹn, kó kọ déètì ọjọ́ tó yà á sí i. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa bèèrè ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò kúrò. Kì í ṣe pé kò ronú ẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ pé ilé ìyá ẹ̀, ìrìbọmi ọmọ ẹ̀, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá so mọ́ ẹbí ọkọ, tẹ́ ẹ bá ní kó fi ọkùnrin sílẹ̀, ohun tó ń gbọ́ ni pé kó fi gbogbo ayé ẹ̀ sílẹ̀ kó lọ máa gbé láàárín àwọn àlejò tí ò gbọ́ èdè ẹ̀. Àwa náà ṣáà mọ̀ ọ́n, àbí ta ni nínú wa tí wọn ò ní pe bàbá àgbà nílé fún kó tó di pé wọ́n pe ọlọ́pàá? Ohun tí èmi máa ń bi wọ́n ni kí lo fẹ́, kí lò ń bẹ̀rù jù, ta lo fọkàn tán tí kì í ṣe ara ẹbí ọkùnrin. Màá wá jókòó. Ìgbà míì àárọ̀ kan á tán lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń tọ̀ sílé kó tó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́, mi ò sì ní gé e lẹ́nu torí pé fóòmù ń dúró. Àwọn kan á ti fi fóòmù olójú ewé mẹ́wàá pàdé obìnrin lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wá máa ní àwọn Látínò kì í fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bi í ní tààrà ṣá, kẹ́ ẹ má fi ojú àánú bò ó mọ́lẹ̀. Ṣé ọkùnrin yẹn ti fún un lọ́rùn rí? Ṣé ìbọn wà nínú ilé? Ọkùnrin tó bá ti ń fún obìnrin lọ́rùn, ìwádìí ti fi hàn pé ewu kó pa á ń ga gan-an, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà ilé lásán mọ́. Àsìkò tí obìnrin bá sì fẹ́ kúrò ló léwu jù, torí náà tó bá máa kúrò, wọ́n gbọ́dọ̀ bá a ṣètò ẹ̀ dáadáa.

Lórí pé bóyá àwọn tó mọ̀ wọ́n wà, wọ́n wà o, ó sì ti pẹ́. Ní Chicago, Mujeres Latinas en Acción ti wà láti 1973, àdúgbò Pilsen ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ti dá a sílẹ̀ fúnra wọn. Lọ́dọ̀ tiwa ní New York, Violence Intervention Program bẹ̀rẹ̀ ní East Harlem ní 1984. Esperanza United tó wà ní St. Paul ní Minnesota, ṣẹ́tà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1982, Casa de Esperanza ni wọ́n ń jẹ́ nígbà yẹn kí wọ́n tó yí orúkọ padà ní 2021, ní báyìí gbogbo Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ míì níṣẹ́. Nínú iṣẹ́ wọn yìí, ohun tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n ń dá lẹ́kọ̀ọ́, promotora ni wọ́n ń pè wọ́n. Kì í ṣe dókítà kì í ṣe sóṣà wọ́kà, obìnrin bíi tiwọn ni, tó ń ta oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní tamales, tó ń tọ́jú ọmọ, tó mọ òfin díẹ̀ àti ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà. Ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ ló ti máa bá ẹ sọ̀rọ̀, tàbí lẹ́nu géètì ilé ìwé. Kò sí ọkọ tó máa bèèrè pé kí lo lọ ṣe nílé ìfọṣọ.

Nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ti gbogbo Amẹ́ríkà náà ò burú, 1-800-799-7233, ọ̀sán òru ni wọ́n ń gbé e, wọ́n ń sọ Sípáníìṣì, wọn ò sì bèèrè ìwé. Kó fi fóònù ibi iṣẹ́ pè wọ́n.


Bàbá Ìbejì Dallas:

Ìyá Tóbi ẹ tọ́jú ara yín o. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ síbí yìí dùn létí, àmọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ẹ̀ ń kó páásípọ́ọ̀tù ọmọ ọlọ́mọ sí lọ́kà, ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn bá mọ̀, tó bá ní ẹ fẹ́ jí ọmọ òun gbé, ẹ̀yin àti ta ni? Ẹ̀yin náà ní ìwé tẹ́ ẹ̀ ń dáàbò bò.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yẹn ńkọ́? Ẹ ò rántí El Paso ni? Ní 2017, inú kóòtù gan-an, ibi tí obìnrin kan ti lọ gba ìwé ìdáàbòbò lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń lù ú, ibẹ̀ làwọn ìmígíréṣọ̀n ti wá gbé e. Texas la wà o, kì í ṣe New York àwọn Fọlákẹ́. Kó wá lọ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn bá wọn?

Ká má sì tanra wa jẹ, àwọn Látínò yẹn, ó ti mọ́ wọn lára. Wọ́n á jà lónìí, lọ́la wọ́n á jọ máa jó ní ìta. Ẹ gbàdúrà fún un, kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ. Ìmọ̀ràn bùrọ̀dá nìyẹn, ẹ má bínú.


Káyọ̀dé San Antonio:

Bọ̀dá Ìbejì ẹ kú àgbà. Ọ́fíìsì lọ́yà ìmígíréṣọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́ (èmi fúnra mi kì í ṣe lọ́yà o, ẹ má wá mú mi), ọ̀rọ̀ El Paso tẹ́ ẹ sọ yẹn òótọ́ ni, ó sì ba nǹkan jẹ́ kọjá ìlú yẹn. Lọ́dún kan náà yẹn ọ̀gá ọlọ́pàá Houston jáde sọ pé láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún, iye àwọn Látínò tó wá fẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ sùn fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú 100 dín sí ti ọdún tó ṣáájú. Ti Los Angeles náà sọ tiẹ̀, ìfipábánilòpọ̀ dín ní ìdá 25, ìjà inú ilé dín ní ìdá 10. Ṣé àwọn ọkùnrin ti ronú pìwà dà ni? Rárá o, àwọn obìnrin ló panu mọ́.

Àmọ́ pé ó ti mọ́ wọn lára, ìyẹn ni mi ò gbà. Ìwádìí tí CDC, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ṣe fi hàn pé nínú obìnrin Látínò mẹ́ta, ó lé ní ẹnì kan tí ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin ti hàn léèmọ̀ rí láyé ẹ̀, ti àwọn obìnrin òyìnbó náà ò sì jìnnà sí i rárá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé obìnrin òyìnbó ò ní ìwé ìgbélùú tí wọ́n lè fi halẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá Tóbi, ẹ gbọ́ èyí dáadáa torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Láti 1994 ni òfin kan ti wà tí wọ́n ń pè ní VAWA. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card, tí onítọ̀hún wá ń lù ú, lè fáìlì fúnra ẹ̀ pẹ̀lú fóòmù I-360, láìsí pé ọkọ buwọ́ lu nǹkan kan, láìsí pé ọkọ mọ̀ rárá. Òfin ò gbà kí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n sọ fún ọkọ pé ìyàwó ti fáìlì, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ nìkan dá ẹjọ́ obìnrin náà. Tí ọkọ bá pe ICE lónìí tó ń rojọ́ ẹ̀ fún wọn, ó yẹ kí òfin yẹn wà lẹ́nu lọ́yà obìnrin náà.

Ẹ̀ẹ́ ní wọn ò ṣègbéyàwó. Ẹ má yára sọ bẹ́ẹ̀, Texas la wà lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí Bọ̀dá Ìbejì ṣe wí 😄. Ní Texas, tí ọkùnrin àti obìnrin bá fẹnu kò pé àwọn ti di tọkọtaya, tí wọ́n jọ gbé níbí bíi tọkọtaya, tí wọ́n sì ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀ lójú ayé, òfin lè gbà pé ìgbéyàwó ni, bí wọn ò tiẹ̀ dé kóòtù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìmígíréṣọ̀n náà sì máa ń ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Honduras, Guatemala àti El Salvador ló ń gbé bẹ́ẹ̀ láti ìlú wọn wá, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ò mọ̀ wọ́n, yóò bi wọ́n pé "are you married", wọ́n á ní rárá, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ wọ́n á bi wọ́n pé báwo lẹ ṣe ń gbé, orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé, báwo lẹ ṣe fáìlì owó orí, kí ni wọ́n ń pè yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbéèrè kékeré yẹn ló máa sọ bóyá ọ̀nà wà.

Tí ìyẹn ò bá wá ṣeé ṣe, U visa wà láti ọdún 2000, físà fún ẹni tí wọ́n hu ìwà ọ̀daràn sí. Ìyẹn ò bèèrè ìgbéyàwó, kò bèèrè irú ìwé tí ọkùnrin ní, ohun tó ń bèèrè ni pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́, ó sì ran ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò ìjọba lọ́wọ́ lórí ẹjọ́ náà, àwọn yẹn ló máa fọwọ́ sí ìwé pé òótọ́ ni. Mi ò ní purọ́ fún yín, 10,000 péré ni wọ́n ń fún lọ́dún, ìlà ẹ̀ gùn gan-an, ọdún ń gorí ọdún.

Nípa pé kò fẹ́ kí wọ́n ti ọkọ mọ́lé, protective order ni kó bèèrè, ìwé ìdáàbòbò ti kóòtù. Kò ná an ní kọ́bọ̀ ní Texas, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba ti káúńtì lè bá a gbé e lọ sí kóòtù. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún wọn máa ń lò tó ogún ọjọ́, tí adájọ́ bá wá gbọ́ ẹjọ́, ó lè fún un ní ti ọdún méjì. Ó lè ní kí ọkùnrin kúrò nínú ilé, kó máa sanwó ọmọ. Ọkùnrin ò lọ sẹ́wọ̀n torí ẹ̀, àfi tó bá rú òfin kóòtù. Àmọ́ torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní El Paso, kó má lọ láìtíì bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Tahirih Justice Center ní ọ́fíìsì ní Houston, wọn ò gbowó, irú ẹjọ́ obìnrin àjèjì báyìí gan-an niṣẹ́ wọn.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, kó má gba ọ̀dọ̀ notario lọ. Lọ́dọ̀ wọn nílé, èèyàn ńlá tó mọ òfin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, níbí ẹnikẹ́ni tó bá ní òǹtẹ̀ ni. Wọ́n á gba dọ́là ẹ̀, wọ́n á fáìlì ohun tí ò yẹ, ó di ẹjọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn ejẹ́ǹtì físà wa nílé, ẹ mọ irú èèyàn tí mò ń sọ.


Sístà Bùnmi Atlanta:

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin yẹn sọ pé òun kàn fẹ́ kó yéé lu òun ni, ọ̀pọ̀ á rò pé òmùgọ̀ ni. Níbí ní Atlanta ẹgbẹ́ kan wà tó jẹ́ pé orí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ iṣẹ́ wọn lé, Caminar Latino, láti bí 1990. Àwọn obìnrin nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó jọ láti bára wọn sọ̀rọ̀ ní Sípáníìṣì. Àwọn obìnrin yẹn fúnra wọn ló ní àwọn ọmọ àwọn ńkọ́, àwọn ọkùnrin yìí ńkọ́, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń padà sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Bó ṣe di pé wọ́n dá ìjókòó sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, wọ́n sì dá a sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin tó ń lu wọ́n, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o, kì í ṣe pé wọ́n ń kó tọkọtaya jókòó sójú kan náà kí wọ́n máa parí ìjà. Ìyẹn léwu, ohun tí obìnrin bá sọ níbẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀ nílé.

Ní California náà, National Compadres Network ti ń kó àwọn ọkùnrin Látínò jọ láti 1988. Ohun tí mo rí i pé wọ́n ń ṣe dáadáa ni pé wọn ò bá ọkùnrin sọ pé àṣà yín ló burú. Tẹ́ ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí àwọn òyìnbó ti ń fojú tín-ínrín láti àárọ̀ níbi iṣẹ́, yóò dìde kúrò níbẹ̀ ni. Inú àṣà yẹn náà ni wọ́n ti ń bá a wí, pé ọkùnrin tó níyì lọ́dọ̀ àwọn bàbá ẹ̀ kì í gbọ́wọ́ sókè sí ìyá àwọn ọmọ ẹ̀. Wọn ò sì fi machismo, ìyẹn èmi-lọkùnrin, ṣe àwáwí fún un. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló ń yí padà o, àwọn kan ò ní yí padà láéláé. Àmọ́ obìnrin tí kò fẹ́ kúrò lónìí, tí kò bá rí ibi kankan tí wọ́n ti lè dá ọkùnrin yẹn lẹ́kun, kò ní wá sọ́dọ̀ yín rárá, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ á burú pátápátá.

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìmọ̀ràn. Àdúrà dáa. Kẹ́ ẹ gbà á tán kẹ́ ẹ wá fún un ní nọ́ńbà lọ́yà.


Ọmọ Àlàdé Miami:

Ẹ wá gbọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì náà torí mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Tí obìnrin yẹn bá jẹ́ Kátólíìkì, ó ṣeé ṣe kí ohun tó ń dè é jù lọ jẹ́ pé Ọlọ́run ò fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀, obìnrin náà ò sì fẹ́ kẹ́ni tó gbé ọmọ ẹ̀ fún ìrìbọmi dojú kọ òun. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ti Amẹ́ríkà fúnra wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1992, wọ́n tún un kọ ní 2002, pé kò sí ẹni tí Ọlọ́run ní kó dúró nínú ìgbéyàwó tí wọ́n ti ń lù ú. Ó wà ní Sípáníìṣì. Fádà tó bá ka èyí sétí obìnrin náà ní ẹnu tiẹ̀, ó lè ju ìwé pélébé ọgọ́rùn-ún lọ. Tó bá jẹ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ó kù sọ́wọ́ pásítọ̀, àwọn kan dáa, àwọn kan á ní kó lọ gbààwẹ̀ (ẹ ò ní rò pé àwọn tiwa ni 🙄).

Lọ́dọ̀ wa ní Miami ó tún ní ibòmíì tí wọ́n ń sá lọ. Àwọn ará Cuba tó ń bọ Ọ̀ṣun àti Ṣàngó, bẹ́ẹ̀ ni, òrìṣà tiwa gan-an tí àwọn babańlá wọn gbé lọ, ìyá tó fi wọ́n mọ òrìṣà ni wọ́n ń pè ní madrina. Ilé madrina yẹn ni ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń kọ́kọ́ gbọ̀nà kó tó rántí ọlọ́pàá, wọ́n á sùn níbẹ̀, wọ́n á jẹun, ọkọ ò sì jẹ́ wọ ibẹ̀ láti wá jà. Mo mọ nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ pé tó bá ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu obìnrin, ó máa ń bi í pé ta lò ń lọ bá tí ọkàn ẹ bá dàrú, tí obìnrin bá ní madrina òun, nọ́ọ̀sì ò ní rẹ́rìn-ín, á gba nọ́ńbà madrina yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ẹ̀. Ohun kékeré báyẹn.


Ìyá Tóbi Houston:

Ẹ ṣé gan-an ni o, mo ti kà gbogbo ẹ̀, mo sì ti ka ti Káyọ̀dé fún un lánàá ní Sípáníìṣì jágbajàgba mi. Tá a dé ibi ìgbéyàwó Texas yẹn ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí ìwé ilé, wọ́n sì kọ ọ́ bí ìyàwó ẹ̀ lórí ìwé ilé ìwé àwọn ọmọ. Ó ní òun máa pe lọ́yà yẹn ní àkókò búréèkì. Ó tún ní ọkùnrin yẹn ò fún òun lọ́rùn rí, ìbọn ò sì sí, Fọlákẹ́ mo bi í bẹ́ẹ̀ gan-an.

Bàbá Ìbejì ẹ má bínú, ẹ́ńfílóòpù ṣì wà ní lọ́kà mi, mo ra àgádágodo tuntun.

Nǹkan méjì ló kù. Nígbà tó lọ sí kílíníìkì kan lọ́jọ́ sí, torí pé ó dúdú, Òyìnbó ni wọ́n ń sọ sí i láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n rò pé aláwọ̀ dúdú ibí ni, ìgbà tí wọn ò gbọ́ra wọn yé, ọmọ ẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ní kó máa túmọ̀. Ọmọ yẹn ló ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé dádì òun ló ju ìkòkò. Báwo ló ṣe máa ṣe é tí irú ẹ̀ ò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́? Ìkejì, tí ìmígíréṣọ̀n bá ń kọ lẹ́tà sí i, ọkọ ló ń ṣí àpótí lẹ́tà ilé wọn.


Fọlákẹ́ Bronx:

Ó dùn mọ́ mi pé ó fẹ́ pè wọ́n, Mummy.

Ti ọmọ yẹn, òfin ìjọba àpapọ̀ ò fàyè gbà á kí ilé ìwòsàn tó ń gbowó ìjọba máa fi ọmọdé ṣe ògbufọ̀, àfi tó bá jẹ́ pé ẹ̀mí wà nínú ewu tí kò sì sí ẹlòmíì nítòsí. Tó bá ti dé ẹnu tábìlì, kó sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, "interpreter, Spanish", kó má dáhùn ìbéèrè kankan títí wọ́n á fi gbé ògbufọ̀ wá tàbí kí wọ́n pe ti orí fóònù. Kó kọ ọ́ sórí káàdì tó bá ń gbàgbé. Tó bá jẹ́ Garífuna lara tù ú jù fún un, kó sọ bẹ́ẹ̀ náà, kí wọ́n má kàn máa rò pé gbogbo ará ibẹ̀ ló gbọ́ Sípáníìṣì bákan náà. Àwọn ará Guatemala tó ń sọ Mam àti K'iche' ń jìyà ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ wa gan-an, wọ́n á fún wọn ní ògbufọ̀ Sípáníìṣì, wọ́n á máa mi orí bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á buwọ́ lùwé, wọn ò gbọ́ ìdajì. Kó sì bèèrè fún ògbufọ̀ obìnrin, kó wò ó dáadáa pé kì í ṣe ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn ará Honduras ní Houston mọra wọn.

Ti lẹ́tà, kó sọ fún lọ́yà kó tó buwọ́ lu fóòmù kankan. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì lọ́yà ni wọ́n máa ń kọ sí i. Texas náà ní ètò kan lábẹ́ Attorney General, Address Confidentiality Program, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á fún un ní àpótí lẹ́tà tí kò júwe ilé ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á wá máa fi lẹ́tà ẹ̀ ránṣẹ́ síbi tó bá wà. Ìyẹn á wúlò tó bá wá kó lọ síbòmíì. Káàdì bánkì ńkọ́? Tó bá ti ṣí àkáǹtì tuntun, kó lọ bá àwọn tó ń sanwó oṣù níbi iṣẹ́ yín pé kí wọ́n pín owó ẹ̀ sí méjì, díẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀ síbí, kó má jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ dédé wọlẹ̀ ní àkáǹtì tí ọkọ ń wò, torí ọjọ́ náà lọkọ máa bèèrè.